Aago Mẹ́wàá ní Ìdí-Àgbọn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá mojú ara wa tán, alárinà á yẹ̀ba. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ní tèmi, odidi ọdún márùn-ún ni mo fi wà láàárín Àdùfẹ́ àti Pamílẹ́rìn, mi ò sì rí ibi tí mo fẹ́ yẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́ tí alárinà kan ń fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ ayọ̀ ni iṣẹ́ òun, ẹ ní kó wá bá Ṣèyí aránṣọ ní Ajégúnlẹ̀, kó wá gbọ́ tẹnu mi.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Boundary. Ní ọdún 1986, Àdùfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni, ó sì ní òun ò lọ síbì kankan, òun á máa bá mi ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, onítìjú, irú ọmọ tó lè gbé ẹ̀rín sẹ́nu látàárọ̀ dalẹ́ láì jẹ́ kó bọ́ síta. Bàbá Tálì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀, torí iṣẹ́ tálì ló ń ṣe ní èbúté Apapa: ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun ló máa ń dúró sí, tí á máa ka àpò àti àpótí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló fi sílẹ̀ fún un. Nǹkan méjì ni Bàbá Tálì fẹ́ràn láyé, ọmọ rẹ̀ àti aago ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tajà ní Creek Road kì í wo aago tiwọn. Bí bàbá náà bá ti kọjá, wọ́n mọ̀ pé aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aṣọ iṣẹ́ tó fàya láti èjìká dé ìdí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Pamílẹ́rìn lorúkọ òun, Kirikiri Lighter Terminal lòun ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù sínú bájì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìkọ́ irin ló fà á ya. Ṣé ẹ lè bá mi rán an kí n tó padà?"

Mo yẹ aṣọ náà wò. "Ṣé ìkọ́ irin ni àbí ẹkùn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àdùfẹ́. Ọmọkùnrin náà yíjú sí i, ó sì gbàgbé pé òun ń kánjú.

"Níbo lẹ ń gbé?" Àdùfẹ́ ló bi í, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ìdí-Àgbọn."

"Ibo ló ń jẹ́ Ìdí-Àgbọn?"

Eruku ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ó fi ìka ya àwòrán sínú rẹ̀. "Ẹ wò ó, Apapa rèé. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé rèé. Lẹ́yìn rẹ̀, títí lọ sí apá Badagry, erékùṣù ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀sà wà níwájú, òkun wà lẹ́yìn. Àwọn Aworì ló nilẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn ń gbé létí ọ̀sà. Àwa Ilàjẹ wà níbi tá a ti lè gbọ́ ohùn òkun, àwọn Ìjọ̀ sì wà níkàngun, àwọn ló ń wa ọkọ̀ èrò jù. Ìdí-Àgbọn nìyí. Ó kéré débi pé bí bàbá mi bá sín ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n á kí i kú ewu ní ìpẹ̀kun kejì."

"Ọ̀nà wo lẹ wá ń gbà dé ibi iṣẹ́?"

"Ọ̀nà méjì ló wà. Odò kékeré kan gba àárín igi ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, kọjá. Kò léwu, ṣùgbọ́n bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ lásán ni. Ìkejì gba ìta, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa kì í jẹ́ ká gbà á."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí aṣọ ọmọkùnrin náà kì í ya. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo fojú sí ibi tó ya, mo rí i pé abẹ ló fi là á. Mo gbé aṣọ náà sílẹ̀, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, aṣọ ò ṣẹ̀ ọ́. Sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹnu mi ń wúwo."

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ, mo gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Àdùfẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó ṣàdédé dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni bàbá mi. Èmi nìkan ló ní. Tí mo bá lọ gbé lórí omi, ta ni á máa ṣílẹ̀kùn fún un tó bá tibi iṣẹ́ dé?"

"Àwọn bàbá mìíràn ń ṣílẹ̀kùn fúnra wọn."

"Àwọn bàbá mìíràn kọ́ ni mo ń sọ."

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, kò sì pẹ́ tí Àdùfẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lọ sí Ìdí-Àgbọn láti kí ìyá Pamílẹ́rìn. Obìnrin gíga ni Màámi, ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń wa ọkọ̀ bí ọkùnrin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí Àdùfẹ́, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Ọma mi, o tínrín jù. Afẹ́fẹ́ ibí á gbé ọ lọ. Jókòó, jẹ ẹja." Láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, mi ò tíì rí ẹni tó pe Àdùfẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1988, mo lọ bá Bàbá Tálì. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó wá bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ará orí omi, Ṣèyí? Kò sí ọkùnrin mọ́ lórí ilẹ̀?"

"Ọmọ dáadáa ni, sà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Kirikiri."

"Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá omi ṣiṣẹ́, mi ò gbé ẹsẹ̀ mi wọ inú ọkọ̀ rí. Ọmọ kan ni mo ní." Ó mọ̀ pé Àdùfẹ́ ń tẹ́tí lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Ó dáa. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí n rí wọn. Ọjọ́ wo, aago mélòó?"

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Ní Sátidé tó ṣáájú, mo wà ní Ìdí-Àgbọn, omi kún dẹ́ngẹ́, aago mẹ́wàá sì ni ọkọ̀ gbé mi sọdá. Màámi ti sọ fún mi nígbà yẹn pé, "Sátidé tó ń bọ̀ dára. A ó bá omi wọlé." Èmi tí mo jẹ́ ọmọ orí ilẹ̀, mo rò pé ohun kan náà ni omi àti aago. Mo rò pé omi tó wọlé ní aago mẹ́wàá lóṣù yìí á máa wọlé ní aago mẹ́wàá títí ayé.

"Sátidé, sà," mo wí. "Aago mẹ́wàá."

Nígbà tí Sátidé pé, Bàbá Tálì wọ agbádá, ó pe àbúrò rẹ̀ méjì láti Ṣùúrùlérè, wọ́n sì jókòó. Aago mẹ́wàá lù. Aago méjìlá lù. Àdùfẹ́ ń jáde sí títì, ó ń wọlé, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kún fún eruku. Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá ni àwọn ará Ìdí-Àgbọn yọ, pẹ̀lú ẹ̀rín àti apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan méjì, wọ́n ń yọ̀ pé àwọn tètè dé, torí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kún náà ni.

Bàbá Tálì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

"Wákàtí mẹ́fà ni mo fi dúró dè yín. Ẹni tí kò lè pa àkókò mọ́, kò lè pa ọmọ mi mọ́. Ẹ padà síbi tí ẹ ti wá."

Màámi wo ojú mi. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, níṣojú gbogbo wọn, pé èmi ni mo da ọ̀rọ̀ rú. Ìtìjú mú mi, mo ń wo ilẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ilẹ̀ tí mo wò yẹn, inú mi máa ń bà jẹ́.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn, bí àwọn ará Ìdí-Àgbọn ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé mi.

"Ṣé omi ló ń fẹ́ ọmọ mi ni?" Bàbá Tálì bi mí. "Ó dáa, torí pé o jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí àná, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí wọ́n gbé ẹrù ìdána wá lẹ́ẹ̀kan náà, kí n mọ̀ pé wọ́n ṣe tán. Bó bá fi ìṣẹ́jú kan lé, kí wọ́n má kanlẹ̀kùn mi mọ́."

Àdùfẹ́ fúnra rẹ̀ ló gba orí omi lọ bẹ àwọn ará ọkọ rẹ̀. Mo tẹ̀lé e. Màámi ò bínú, tàbí kó jẹ́ pé ó fi pamọ́. Ó fa Àdùfẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ri òpó igi ẹ̀gbà kan mọ́lẹ̀. Ojú àdá méjì wà lára òpó náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣá a," ó ní. "Bí omi bá kan ojú àdá ìsàlẹ̀, ọkọ̀ lè gba inú ẹ̀gbà. Bí kò bá kàn án, jókòó jẹ́ẹ́, kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ó tún ku òṣùpá. Bó bá dà bí ààbọ̀ àgbọn, omi á kún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá kún, tàbí tí kò sí lójú ọ̀run rárá, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni omi ń kún, ẹrẹ̀ ni aago mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ló fi ń tó wákàtí kan pẹ́ ju àná lọ. Ìyàwó orí omi gbọ́dọ̀ mọ èyí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ó yá, sọ ọ́ kí n gbọ́."

Àdùfẹ́ sọ ọ́ láì ṣì í. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Sátidé tí bàbá rẹ̀ dá, òṣùpá ò ní sí lójú ọ̀run, ẹrẹ̀ ni aago mẹ́wàá. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá rẹ̀ dá, tàbí mẹ́ta, omi ì bá kún fọ́fọ́.

"Ẹ sọdá lọ́jọ́ Fráídè, Màámi," mo bẹ̀ ẹ́. "Kẹ́ ẹ sùn lọ́dọ̀ mi."

Ó mi orí. "Nílé tiwa, ẹrù ìdána kì í sùn lójú ọ̀nà. Ilé ọkọ ló ti ń jáde láàárọ̀, ilé ìyàwó ló ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé tèmi wá nìyẹn, bí wọ́n ṣe gbé ti ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ìdájí la ó gbéra, kí omi tó fà. Ká jókòó sí èbúté yín di aago mẹ́wàá, kí ló máa ṣe wá?"

Ó dára létí. Mo rán aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run fún un fún ọjọ́ náà. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ó jó yíká ilé, ó ní kí n wo bí arúgbó ṣe fẹ́ ja ìyàwó lólè.

Ẹnu Ebinimi ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ìjọ̀ ni, òun ló ni ọkọ̀ tó máa ń gbé wa. Ó ní òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, kò sì dá títí aago méje fi kọjá. Iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú ẹrù, aṣọ wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀. Wọn ò lè jẹ́ kí òjò pa á. Nígbà tí wọ́n máa gbéra, omi ti ń sá. Àárín igi ẹ̀gbà ni ọkọ̀ ti fìdí kanlẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká dúró," Pamílẹ́rìn ní. "Omi á padà lọ́sàn-án."

"Ká tún dé ní aago mẹ́rin? Ojú tì mí lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kò ní tì mí lẹ́ẹ̀kejì níwájú ìyàwó mi. Ẹ ti ọkọ̀ padà. Ìta la ń gbà."

"Mama, that side no good o," Ebinimi sọ fún un. "Big ship road be that."

Màámi ní Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọdá tán nígbà tí ọkọ̀ tọ́ọ̀gì méjì, irú èyí tó ń fa ọkọ̀ ńlá, sáré kọjá lọ síta. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọn sókè, ìkejì dà á nù. Pamílẹ́rìn, bàbá rẹ̀ àti Ebinimi rí ọkọ̀ dì mú. Ebinimi ní Màámi mọ omi wẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹrù ìdána ló ń lé, ó ń gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ìró rẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, àwa ò mọ nǹkan kan. Aago mẹ́wàá lù, Bàbá Tálì wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di mẹ́wàá ààbọ̀, ó ní kí wọ́n ká àga kúrò. Àdùfẹ́ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo títì. Aago méjìlá ti kọjá nígbà tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn, Bàbá Tálì fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí i. Pamílẹ́rìn ló dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "A pẹ́. Omi gbé ìyá mi lọ."

Mi ò gbọ́ igbe tó dà bíi ti Àdùfẹ́ rí, mi ò sì tún fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí Màámi, aṣọ tí mo rán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá Pamílẹ́rìn ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó lórí ẹní, kò pariwo. Ó ní, "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Ṣèyí. Ọmọdébìnrin náà ò ṣẹ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí bàbá rẹ̀ gba orí omi wá, kó wá kí mi kú àṣẹ̀yìndè lójúlé mi. Lọ́jọ́ tó bá wá, kó máa mú ọmọ rẹ̀ bọ̀."

Mo jíṣẹ́ náà fún Bàbá Tálì. Ó ti rù. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, Ṣèyí?" ó ní. Ọdún yẹn kọjá, kò lọ. Ọdún 1989 kọjá. Àwọn ọkùnrin mìíràn wá tọrọ Àdùfẹ́, ó ní òun ti lọ́kọ.

Lọ́jọ́ kan nínú ọdún 1990, òun àti Pamílẹ́rìn jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Àdùfẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwa méjì àti Ẹ̀gbọ́n Ṣèyí. Ta ló máa mú wa?"

"Ìyá mi gba iwájú ilé wá fẹ́ ọ," Pamílẹ́rìn dáhùn. "Ibẹ̀ ló kú sí. Mi ò lè wá gba ẹ̀yìnkùlé gbé ọ."

"Tí bàbá mi ò bá wá ńkọ́?"

"Á wá."

"Tí kò bá wá ńkọ́, Pamílẹ́rìn?"

Pamílẹ́rìn mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní ìka rẹ̀, èmi sì tẹ ẹ̀rọ mi kó máa dún, kí wọ́n lè rí ariwo sunkún sí.

Ní oṣù kejì ọdún 1991, lẹ́tà Pamílẹ́rìn dé, èmi ló kọ ọ́ sí. Pamílẹ́rìn ní àìsàn ti dá bàbá òun dùbúlẹ̀, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ rí ìyàwó nínú ilé kí òun tó kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti rí ọmọbìnrin kan. Òun bẹ̀ wọ́n títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Bí Bàbá Tálì bá wá ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá wá, òun ò lè kọ̀ fún bàbá òun. "Ẹ bá mi sọ fún Àdùfẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ò lè kọ ọ́ sí i."

Bàbá Tálì ni mo gbé lẹ́tà lọ bá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Má tíì jẹ́ kó gbọ́," ó ní. "N ó lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo tún un ṣe. Ṣáà fún mi ní àkókò díẹ̀."

Ọkùnrin tí kò fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣẹ́jú kan ló ń tọrọ àkókò lọ́wọ́ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fún un. Nígbà tí Àdùfẹ́ bi mí pé kí ló dé tí Pamílẹ́rìn ò yọjú mọ́, mo ní wọ́n ti gbé bájì wọn lọ sí Warri. Ọ̀sẹ̀ kan ń yí lu òmíràn. Bàbá Tálì ní ibà ń ṣe òun. Ó ní ọkọ̀ pọ̀ ní èbúté. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo wá gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló dé etí omi, tó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, tó tún gbé e jáde. Ọjọ́ Àjíǹde wá, ó lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá wọ́n á ṣì fún un láàyè díẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹrin, Bàbá Tálì fẹ̀yìn tì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, ó tẹsẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọkọ̀ kan dúró síta láti àná," ó ní. "Ó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ. Mo bi páílọ́ọ̀tì tó máa ń mú ọkọ̀ wọ èbúté pé kí ló ń dúró dè, ó ní omi ni, Bàbá. Ṣèyí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wò ó tí ọkọ̀ ń dúró de omi. Mi ò lé ìkankan rí." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìgbà wo ni omi ń wọlé lọ́la?"

Àdùfẹ́ ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. "Òṣùpá kún, Bàbá. Ìdájí ni."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà létí omi. Bàbá Tálì ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílé. Ó wọ inú ọkọ̀, ó di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń gbàdúrà sínú. Àdùfẹ́ wọ aṣọ tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ gbá a mọ́ra. Ebinimi wò ó, ó wò mí, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ebinimi tí kì í panu mọ́ kò sọ gbólóhùn kan títí a fi dé àárín ẹ̀gbà. Mo rò pé ti Màámi ló ń rántí.

Bí a ṣe yọ sí Ìdí-Àgbọn ni mo rí imọ̀ ọ̀pẹ lórí àtíbàbà níwájú ilé. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àdùfẹ́ náà rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣègbéyàwó níbí?"

Pamílẹ́rìn jáde láti inú ilé kí n tó lè fèsì. Ọmọbìnrin kan tẹ̀lé e, ó gbé omi mímu lọ́wọ́, láàlì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa bí ìyàwó ṣe ń kí àlejò.

Kò sí ẹni tó pariwo. Bàbá Pamílẹ́rìn, tó wà lórí ẹní, gba ìkíni Bàbá Tálì, ó ní ó ṣeun tó wá. Bàbá Tálì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú òun dé ibojì. Nígbà tó débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn fún obìnrin tí òun kò gbà láàyè láti wọlé òun, ó sì sunkún débi pé àwa la gbé e dìde.

Pamílẹ́rìn àti Àdùfẹ́ dúró lábẹ́ igi àgbọn, èmi ò jìnnà sí wọn.

"Mo kọ lẹ́tà," Pamílẹ́rìn ní. "Mo dúró títí di Àjíǹde. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo rò pé ó ti sú ọ."

Àdùfẹ́ yíjú, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wò mí. Kò bú mi. Ká ní ó gbá mi létí, ì bá tù mí lára.

"Kò sú mi," ó sọ fún Pamílẹ́rìn. "Kò sú mi rí."

Mo ní ká máa lọ, ká máa lọ kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí omi, ọkọ̀ Ebinimi ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Omi ti fà lọ. A ò rí ibì kankan gbà àfi ká padà sínú ilé ọkọ tí kì í ṣe ti Àdùfẹ́ mọ́, ká jókòó, kí ìyàwó tuntun máa gbé oúnjẹ fún wa. Ìyanu lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó tutù, ó mọ èèyàn tọ́jú. Kò mọ ẹni tí Àdùfẹ́ jẹ́. Ó ní kó jẹ ẹja sí i, pé ó tínrín jù. Àdùfẹ́ jẹ ẹ́.

Ọ̀sán pọ́n. Pamílẹ́rìn ti lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, kò lè wọlé. Ìyanu ń wo etí omi, ó ń wò wá, ó ń káàánú wa.

"Ẹ má bínú mà," ó sọ fún Àdùfẹ́. "Mi ò mọ ìgbà tí omi yìí máa padà. Kò yé mi rárá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúró sínú ẹrẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀."

Àdùfẹ́ dìde. Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jọ rìn lọ sí ìdí òpó náà. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fi ìka kan ojú àdá ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ti ààbọ̀ àgbọn, ti òṣùpá kíkún, ti wákàtí kan tó fi ń pẹ́ ju àná lọ.

"Ó yá, sọ ọ́ kí n gbọ́," ó ní.

Ìyanu sọ ọ́. Ó ṣì í níbì kan, Àdùfẹ́ tún un ṣe fún un.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé ará orí omi ni yín ni? Ta ló kọ́ yín?"

Omi ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ti ń bo gbòǹgbò ẹ̀gbà. Àdùfẹ́ nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ tuntun yẹn.

"Ìyá ọkọ rẹ ni," ó ní.